Aṣọ Pupa Lára Òpó

Ọkùnrin kan wà... Jókòó ná, Láyọ́nú, o ti dúró jù. Mo gbọ́ ohun tí o wí. Ara àbúrò rẹ ń gbẹ, dókítà ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ ni, ó tún ní ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ọ̀hún. Kò yé ọ bí ẹni tó rù tó báyìí ṣe lè ní ọ̀rá níbì kankan. O wá pinnu pé ìyàwó rẹ̀ ló ń febi pa á, o sì lé e lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó dáa. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé èmi gan-an tán. Ṣùgbọ́n gbọ́ eléyìí.

Ọkùnrin kan wà tí ó ní ibi tí wọ́n ti ń fún epo pupa lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Bí epo ilé bá ń tán, yóò so aṣọ pupa mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà, àwọn lébìrà yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí epo bá tó, yóò tú aṣọ náà, wọn yóò sì sinmi.

Ní ọjọ́ kan, atẹ́gùn gbé aṣọ náà lọ, iṣẹ́ dúró, baálé sì bínú gidigidi. Ọ̀gá àwọn lébìrà kì í fẹ́ kí wọ́n bá òun wí. Ó mú ìṣó, ó kan aṣọ pupa mìíràn mọ́ òpó inú lọ́hùn-ún, níbi tí wọn yóò ti máa rí i láìjáde. Ire ló ní lọ́kàn o.

Baálé so aṣọ mìíràn mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí epo tó, ó tú u, ó lọ. Àwọn lébìrà gbójú sókè, wọ́n rí pupa, wọ́n ń fún epo lọ. Ẹyìn tí wọn ìbá fi se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ, wọ́n fún un. Wọ́n kó iṣu àti àgbàdo inú àká, wọ́n fi bọ́ ara wọn. Epo náà kò dé inú ilé. Wọ́n fi ń gba lébìrà kún lébìrà, wọ́n fi ń kọ́ àtíbàbà kún àtíbàbà, wọ́n sì to ìyókù sínú kẹ́ẹ̀gì kan òrùlé.

Baálé ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, ó ń gbóòórùn epo, ọbẹ̀ rẹ̀ sì funfun bí omi. Orí rẹ̀ dàrú. Ta ló wà nítòsí? Ìyàwó tí ń dáná.

“Ìwọ lò ń kó epo mi lọ fún àwọn ará ilé yín!”

Obìnrin náà búra títí, ó sunkún. Baálé lé e jáde.

Lọ́jọ́ kẹta, ebi gbé e dé ẹ̀yìnkùlé. Ó rí kẹ́ẹ̀gì, ó rí lébìrà tí kò mọ̀ rí.

“Ta ló ní kí ẹ máa fún epo?”

Ó yà wọ́n lẹ́nu. “Bàbá, ẹ̀yin náà ni. Aṣọ yín nìyẹn.”

Láyọ́nú, oje kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó dàgbà. Bí oje náà bá lọ, ẹ̀dọ̀ tí ara rẹ̀ dá yóò dákẹ́. Ẹ̀dọ̀ tó ní jẹjẹrẹ kì í dákẹ́, ó ti kan aṣọ pupa tirẹ̀ mọ́ inú. Ó ń ṣe ọ̀rá, ó ń fi ọ̀rá náà bí sí i, ara ìyókù ló ń gbẹ. Ìdí tí jẹjẹrẹ kan fi ń to ọ̀rá jọ tí òmíràn sì ń jó o, má bi mí, àwọn tó kàwé jù mí lọ ṣì ń jiyàn lé e lórí.

O ní ta ni kí o wá bínú sí? Mi ò mọ̀. Ṣé dandan ni kí o bínú sí ẹnì kan ni?

Ohun tí mo mọ̀ ni pé obìnrin tí o lé yẹn nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fún àbúrò rẹ ní ẹ̀kọ tí kò fi ní bì. Láti ìjẹta tí obìnrin náà ti lọ, àbúrò rẹ kò tíì jẹun. Dìde. Lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, kí o sì bẹ obìnrin náà fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ni ọ́. Bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Àbúrò rẹ kò ní ọjọ́ tí yóò fi dúró de ìtìjú rẹ.