Jíìpù Tó Kúnlẹ̀ ní Ìdí-Ayìn

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi wà lẹ́yìn odi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó sá nílé ìwé, àmọ́ kò sí bodè tí mi ò mọ ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbé Kùtọnu, mo gbé Àbíjàn, mo gbé Gàbọ́ọ̀nù. Èdè márùn-ún ni mo lè fi ná ọjà, tí mo sì lè fi bú èèyàn. Nígbà tí mo padà sí Ìdí-Ayìn, ìlú wa, Bàbá Àbíjàn ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sìsí Wúràọlá, ló ń dúró dè mí nílé. Àwọn ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Sányán ìgbéyàwó wọn ni wọ́n tà tí mo fi rí owó ìrìnàjò mi àkọ́kọ́. Wọ́n ti lé láàádọ́rin ọdún báyìí, awọ funfun sì ti ń bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Dókítà kan n'Íbàdàn ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn, Ọjọ́rú kan nínú oṣù kọkànlá. Ó kìlọ̀ pé èrò pọ̀, ẹni tó bá pa ọjọ́ tirẹ̀ jẹ á tún dúró oṣù márùn-ún, ojú ò sì ní dúró dè é. Ìbàdí tó ń ro Sìsí ò jẹ́ kí wọ́n lè fún ara wọn mọ́ inú ọkọ̀ èrò.

"Àlàmú," ni wọ́n wí fún mi, "nínú ohun tó o rí mú bọ̀, bá mi ra ọkọ̀ kan tó máa gbé mi lọ, tó máa gbé mi bọ̀. Kékeré náà ti tó."

Mílíọ̀nù mẹ́fà lé díẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo mú bọ̀. Mo mú Múfútáù, mẹ́káníìkì ìlú wa, dání lọ sọ́dọ̀ Alájà Nímọ́tà tó ń ta ọkọ̀ àlòkù. Ọkọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, mílíọ̀nù mẹ́fà. Jíìpù dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ga, ó ń dán, awọ gidi ni wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, mílíọ̀nù mẹ́fà lòun náà.

"Èló ni irú èyí ní tuntun?" ni mo bi Alájà.

"Ní tuntun kẹ̀? Ọgọ́rin mílíọ̀nù ni, bàbá."

Mo yíjú sí Múfútáù. "O gbọ́? Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ti bá mi san mílíọ̀nù mẹ́rìnléláàádọ́rin."

Múfútáù họrí. "Bàbá, kò bá yín san nǹkan kan. Òun ló ti jẹ ẹran rẹ̀, eegun ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ọkọ̀ kékeré yẹn, mo lè rí páàtì rẹ̀ rà nílé. Èyí, mi ò mọ̀ o."

"Bàbá, ọjà mi ni," ni Alájà náà wí, "àmọ́ ẹ fetí sí mẹ́káníìkì yín."

"Ẹni tí ò rìn kọjá Ọ̀yọ́ rí? Irú ẹ̀ ni mo ń wọ̀ ní Gàbọ́ọ̀nù."

Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yìn géètì ọ̀gá mi ni mo ti mọ jíìpù. Èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ń tì mí lójú láti sọ ọ́, àmọ́ géètì yẹn ló jẹ́ kí n ra ọkọ̀ náà.

Ọjọ́ tí mo gbé e wọ̀lú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí ọjà ká. Làmídì tó ń fi ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù kó ọsàn ò tètè yà fún mi, ni mo bá yọrí síta.

"Làmídì, ṣé ọkọ̀ lò ń wà yẹn ni àbí agolo?"

"Agolo ni, Bàbá Àbíjàn," ló fi ẹ̀rín dá mi lóhùn. "Agolo tó ń dé ọjà."

Àpótí la fi gbé Sìsí gùn ún. Wọ́n fọwọ́ pa ìjókòó. "Ó tutù, Àlàmú. Ó sì ga. Ṣé ó máa gbé mi dé Ìbàdàn?"

"Sìsí, ó máa gbé yín dé Mẹ́kà."

Kò pé oṣù méjì tí iná pupa kan fi tàn níwájú mi nínú jíìpù. Lọ́jọ́ kẹta, mo jí bá jíìpù tó ti fi èjìká òsì lélẹ̀ bíi ràkúnmí. Múfútáù wọ abẹ́ rẹ̀, ó jáde.

"Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e dúró, bàbá, kì í ṣe irin. Àpò afẹ́fẹ́ ẹsẹ̀ yìí ti lu, àwọn yòókù ń bọ̀ lọ́nà. Ẹsẹ̀ kan, mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Mẹ́rin ló sì ní."

"Fún ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́fà?"

"Àwọn tó ń ṣe páàtì ò bi wá ní iye tá a rà á."

Mo pe Alájà lórí fóònù. Ó ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lòun lè fi gbà á padà, torí kò lẹ́sẹ̀ mọ́. Múfútáù bẹ̀ mí pé kí n gbà á, pé a máa rí kékeré kan rà tó máa gbé Sìsí. Mo ro ohun tí àwọn ará ọjà máa wí, mo kọ̀. Mo ní kó fi rọ́bà dì í. Sìsí bi mí pé kí ló ṣe ọkọ̀, mo ní kò sí nǹkan kan.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú iṣẹ́ abẹ náà, Sìsí ti wẹ̀, wọ́n ti wọ àdìrẹ wọn tó dáa jù, wọ́n jókòó síta. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jíìpù ti wólẹ̀, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ọkùnrin mẹ́jọ la tì í, kò mira.

"Àlàmú, ṣé ká máa lọ?"

"Ó kù díẹ̀, Sìsí."

Wọ́n dìde, wọ́n na ọwọ́ síbi tí wọ́n ti máa ń bá ọwọ́ ilẹ̀kùn. Gíláàsì ni wọ́n bá. Wọ́n fọwọ́ wá a lọ sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi rí i.

"Ó ti kúrú," ni wọ́n wí.

Làmídì ló já ìdajì ọsàn rẹ̀ sílẹ̀ tó gbé Sìsí síwájú. Èmi jókòó lẹ́yìn, lórí àpò ọsàn. Bá a ṣe ń la ọjà kọjá, kò sẹ́ni tó fi mí ṣẹ̀sín. Ńṣe ni wọ́n rọra ń kí mi, bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọ̀sán ti pọ́n ká tó dé ilé ìwòsàn n'Íbàdàn. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ti pe orúkọ Sìsí kọjá, ká padà wá lóṣù kẹrin.

Kó tó di oṣù kẹrin, mo ta jíìpù fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà, mílíọ̀nù kan. Làmídì náà ló tún gbé wa lọ. Dókítà rí ojú òsì Sìsí tún ṣe. Ojú ọ̀tún ti kọjá àtúnṣe.

Nígbà tá a dé, àwọn ará ilé wá kí wọn. Ìyàwó ilé kan béèrè pé, "Sìsí, jíìpù ńlá tí Bàbá Àbíjàn rà lọ́pọ̀ ńkọ́, tí wọn ò fi gbé yín lọ lákọ̀ọ́kọ́?"

Mo dorí kodò. Láti kékeré ni Sìsí ti máa ń bò mí láṣìírí, mo rò pé wọ́n á tún bò mí. Wọ́n yí ojú kan tó kù sọ́dọ̀ mi, wọn ò bínú, wọn ò sì rẹ́rìn-ín. Èsì tí wọ́n fọ̀ lọ́jọ́ náà ni gbogbo Ìdí-Ayìn sọ dòwe, tí wọ́n ń pa lójú mi, tí wọ́n ń pa lẹ́yìn mi: ẹṣin a máa dọ̀pọ̀, oúnjẹ ẹṣin kì í dọ̀pọ̀.