Irin Tí Ó Ń Gùn Lójú Iná

Ọkùnrin kan wà ní ilé iṣẹ́ tí ń fún ìlú ní iná mọ̀nàmọ́ná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wọn àwọn abẹ̀bẹ̀ irin tí ń yí nínú ẹ̀rọ ńlá, níbi tí iná ti ń jó wọn, tí eré yíyí sì ń fà wọ́n síta tọ̀sán-tòru. Lọ́dọọdún, wọ́n á pa ẹ̀rọ náà, òun á wọn gígùn abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan, á fi wé ìwọ̀n èṣí. Lọ́dọọdún náà ni yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ pé, "Ó gùn sí i, àmọ́ kò ju sísanra ìrun orí kan lọ. Ẹ dá a padà."

Ó fẹ́ràn àwọn abẹ̀bẹ̀ yìí bí ẹni fẹ́ràn àkọ́bí. Irin yòókù, hóró wẹ́wẹ́ ni inú wọn, bí gààrí tí omi mú. Ibi tí hóró ti kan hóró ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń dẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n da irin tirẹ̀ tó fi jẹ́ hóró kan ṣoṣo látòkè délẹ̀. Kò sí àlejò tí kì í sọ ọ́ fún. Àwọn òṣìṣẹ́ a tilẹ̀ máa sá fún un lákòókò oúnjẹ, nítorí bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ọbẹ̀ á tutù.

Ní ọdún kẹsàn-án, ó ku ọ̀la kí wọ́n tan ẹ̀rọ padà. Gbogbo ìlú ń retí iná. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ìyọ̀ǹda wà. Bí ó bá fọwọ́ sí i, tí abẹ̀bẹ̀ kan sì lọ ha ògiri ẹ̀rọ, inú ẹ̀rọ á rún wómúwómú, ìlú á sì wà lókùnkùn fún oṣù gbọọrọ. Ó ti mú bírò lọ́wọ́ nígbà tí bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó ti fẹ̀yìntì, yà kí wọn.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Irin wa kò yẹ̀ o. Ìrun orí kan péré náà ni."

"Ìrun orí kan sí ti ìgbà wo, Àkànmú?"

"Sí ti èṣí, sà."

"Ti èṣí náà ńkọ́?"

"Ìrun orí kan sí ti ìdúnta."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé èyí tí kò tíì wọ iná rí wá."

Wọ́n gbé ọ̀kan jáde láti yàrá ìpamọ́, wọ́n sì fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó tó ti ń yí láti ọdún mẹ́sàn-án. Ògbólógbòó fi nínípọn èékánná gùn jù ú lọ. Bí wọ́n bá dá a padà, ààyè tí yóò kù láàárín ṣónṣó rẹ̀ àti ògiri ẹ̀rọ kò gba ewé bébà. Ọkùnrin náà fi bírò sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n bàbá, hóró kan ṣoṣo ni!"

"Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ tó báyìí. Àmọ́ iná ń jó o, eré ń fà á, kò sì sinmi. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà."

Ọkùnrin náà fa ìwé ìyọ̀ǹda ya. Ó lọ bá ọ̀gá àgbà níṣojú gbogbo wọn, ó ní, "Mo wọ̀n ọ́n dáadáa, sà. Ohun tí mo ń fi í wé ni kò dáa." Ojú tì í, àmọ́ inú rẹ̀ dùn ju ìtìjú náà lọ. Wọ́n pààrọ̀ gbogbo abẹ̀bẹ̀, iná fi ọjọ́ mẹ́wàá pẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ìrun-Orí, títí òun fúnra rẹ̀ fi ń jẹ́ ẹ.

Alága, àbúrò mi, ìwọ ni mo ń pa ìtàn yìí fún. Lọ́dún tí wọ́n fi ọ́ jẹ alága ẹgbẹ́, o máa ń dìde kí àgbà. Lọ́dún kejì, orí ìjókòó lo ti ń kí wọn. Lọ́dún yìí, ìka kan lo ń nà sí wọn, o sì ní o kò yàtọ̀ sí ti èṣí. N kò bá ọ jiyàn. Ọmọlúàbí ni ọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ìwà rẹ ń yẹ̀. Ṣùgbọ́n àga yẹn gbóná, àpọ́nlé sì ń fa ènìyàn. Má bi èṣí léèrè mọ́. Lọ bá ìyá rẹ ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí o bi í bí o ṣe máa ń kí i nígbà tí o kò tíì jẹ oyè kankan. Bí ó bá dákẹ́, má dúró gbọ́ èsì. Dọ̀bálẹ̀.