Ẹran Tí Kò Rí Iná Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Ní ìlú Òkè-Èsúró, ilé kan ṣoṣo ló ń sun ẹran fún àwọn àgbà. Ilé Asunran ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ igbó, àwọn ọdẹ ìlú yóò jáde pọ̀, wọn yóò lo ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó. Ẹran tó bá tóbi jù lọ nínú ohun tí wọ́n bá pa, itan rẹ̀ méjèèjì di ti àwọn àgbà. Ilé Asunran ni wọ́n ń gbé e lọ. Olórí ilé náà ní ọ̀bẹ kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ eyín erin, òun nìkan ló sì gbọ́dọ̀ fi gé ẹran náà. Ọ̀bẹ yìí ni oyè wọn, òun ni ọlá wọn.

Òfin méjì ló de ẹran yìí. Èkíní, ẹran àgbà kì í kéré: abala kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ nípọn tó ìka mẹ́ta tí a tò léra. Èkejì, ẹran àgbà kò gbọdọ̀ rí ìwọ̀ oòrùn láì rí iná. Ọjọ́ tí àwọn ọdẹ bá wọlé náà ni Asunran gbọ́dọ̀ sun ún. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn àgbà yóò jókòó sábẹ́ igi ọdán, wọn yóò jẹ ẹ́ níwájú gbogbo ìlú.

Ọdẹ́yalé ló jogún ọ̀bẹ náà lẹ́yìn ikú Ọdẹ́rìndé bàbá rẹ̀. Ọdẹ́yalé kì í ṣe ẹni tí í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó tú òkìtì ikán wò kó lè mọ ibi tí ìyá wọn ń sùn sí. Ohun tí ikán fi ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà kò mú kó jáwọ́ nínú ìbéèrè. Gbogbo nǹkan ló máa ń béèrè. Ẹyọ ohun kan tí kò bi bàbá rẹ̀ rí ni bí wọ́n ṣe ń sun ẹran, nítorí ojoojúmọ́ ló ń rí i. Ohun tí a ń rí lójoojúmọ́, ẹnu kì í sáàbà yá wa láti béèrè nípa rẹ̀.

Ọdún kejì tí Ọdẹ́yalé gba ọ̀bẹ, ẹfọ̀n ni àwọn ọdẹ pa. Ó gé e bí bàbá rẹ̀ ti ń gé e, ó po ata gbígbẹ, iyọ̀ àti atalẹ̀ pọ̀, ó fi pa á lára, ó sì gbé e sórí iná lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbé e síwájú àwọn àgbà. Bàbá Láníhùn, tó dàgbà jù nínú wọn, tí eyín mẹ́rin péré kù sí lẹ́nu, bu ẹran jẹ. Ó jẹ ẹ́ títí, kò tán. Nígbà tó yá, ó tu èyí tó kù sọ́wọ́, ó ń yí i wò.

Ó ní, “Ọdẹ́yalé, ẹran rẹ yìí wọ aṣọ, kò jẹun.”

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín.

Ọdẹ́yalé ní, “Báwo, bàbá?”

“Ata wà lára rẹ̀, iyọ̀ wà lára rẹ̀, ó múra bí ọkọ ìyàwó. Inú rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹni ń rin pákò ni.”

Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ́yalé, ti èṣí rí báyìí, a jẹ ẹ́, a dákẹ́. Èyí tún rèé. Bí ọdún tó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, wàá gbé ọ̀bẹ yẹn wá, a ó sì fà á lé Ṣóbalójú lọ́wọ́.”

Ṣóbalójú yìí ń sun ẹran ìgbẹ́ tà ní oríta, ó sì ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti wà lára ọ̀bẹ náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Baálẹ̀, àfi bíi pé wọ́n ti fi í jẹ oyè.

Ọdẹ́yalé délé, kò lè jẹun. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ní, ìyá Ọdẹ́tóun ọmọ wọn, gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó gbé e kúrò. Ohun tó ń jẹ ọkùnrin náà lọ́kàn ju ìtìjú lọ. Ó ń rò ó pé: ata wà níta ẹran, inú ẹran wà nínú, ọ̀nà wo ni adùn ń gbà wọlé?

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ní Ilé Asunran láti ìran dé ìran ni pé iná ló ń ti adùn wọ inú ẹran. Nítorí náà, Ọdẹ́yalé kọ́kọ́ dáná ńlá. Ó ra ẹran lọ́jà, ó gé e nípọn, ó pa á lára, ó gbé e sórí iná tó ń jó fòfò. Ẹ̀yìn ẹran di èédú, inú rẹ̀ ṣì ń sun ẹ̀jẹ̀. Ó ní bóyá èròjà ni kò tó. Ó di ata sí i bí ẹni ń rẹ́ ilé. Gbogbo ilé ń sín títí di ìrọ̀lẹ́, ewúrẹ́ pàápàá sín. Síbẹ̀, inú ẹran kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó wá gbé odó jáde.

Àwẹ̀ní dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. “Bàbá Ọdẹ́tóun, ṣé sísun lẹ fẹ́ sun ẹran yìí ni, àbí ẹ fẹ́ gún un níyán?”

“Mo fẹ́ kí ata wọ inú rẹ̀ ni.”

“Tó bá wọlé tán, ẹ ó máa fi òkèlè bù ú nìyẹn?”

Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹran fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ, kò sí àgbà tí a lè gbé e síwájú. Lọ́jọ́ mìíràn, ó mú irin ṣóńṣó, ó gún ẹran títí ó fi dà bí ajere, ó rọ ata sínú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó ṣe dé orí iná, omi ara ẹran gba ojú ihò jò sínú iná, ohun tó kù gbẹ bí èèpo igi. Oṣù mẹ́fà ti lọ.

Ọjọ́ tó fi irin gún ẹran yìí, ata mú un lọ́wọ́ bí ẹni fọwọ́ kan iná. Ó pariwo pé kí wọ́n bá òun wá ọṣẹ. Ọṣẹ ilé ti tán. Àwẹ̀ní ní kó na ọwọ́ sí àjà, kó mú ọṣẹ dúdú tí ìyá òun fi ránṣẹ́ láti bí ọdún mẹ́ta. Ọdẹ́yalé sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fẹ́ ṣí ewé tí wọ́n fi dì í. Ewé kò ṣí. Ó fi èékánná wá etí rẹ̀, kò rí etí. Ó bu omi sí i, ó fi ọwọ́ ra á, ìfófòó yọ, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ata sì rọlẹ̀. Ó wá dúró, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

“Àwẹ̀ní, ewé tí wọ́n fi di ọṣẹ yìí dà?”

“Òun lẹ fi fọwọ́ yẹn.”

“Èmi ń bi ọ́ ní ewé.”

“Èmi náà ń dá yín lóhùn ewé. Ó ti di ọṣẹ. Ọdún mẹ́ta tó fi wà lájà, kí lẹ rò pé ó ń ṣe?”

Ọdẹ́yalé kò dúró nu ọwọ́. Ó lọ tààrà sílé aládùúgbò wọn tó ń se ọṣẹ, ó tọrọ ọ̀kan tí wọ́n dì lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ṣí ewé rẹ̀. Ewé ṣí wẹ́rẹ́, tútù ni, ewé lásán ni. Ó gbé e wálé, ó tò ó ti èyí tó wà nílé, ó jókòó sílẹ̀ láàárín méjèèjì bí onídàájọ́.

Ó ní, “Ìyá Ọdẹ́tóun, ta ló gún ewé yìí lódó?”

“Kò sẹ́ni tó gún un.”

“Ta ló fi irin lu ihò sí i lára?”

“Kò sí.”

“Ṣé wọ́n gbé e sórí iná ni?”

“Ọ̀rọ̀ ẹran yìí ti ń dà yín lórí rú báyìí o,” ni Àwẹ̀ní wí.

“Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fi ṣe é ju pé wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀ lọ!”

Lọ́jọ́ kejì, ó ra ẹran. Ó lọ ata, atalẹ̀, àlùbọ́sà àti irú, ó já ewé ẹ̀fìnrín sí i, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, ó fi iyọ̀ sí i, ó sì ta òróró ẹ̀pà díẹ̀ sí i, kó lè lẹ̀ mọ́ ẹran. Ó rẹ ẹran náà sínú rẹ̀ láàárọ̀, ó dé ìkòkò. Ní ìrọ̀lẹ́, ó sun abala kan, ó sì fi ọ̀bẹ là á láàárín. Adùn ti wọlé, àmọ́ kò ju ìbú èékánná lọ. Ó fi abala yòókù sílẹ̀. Nígbà tó sun ún láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó là á, ó fún Àwẹ̀ní ní àárín gbùngbùn rẹ̀ jẹ. Àwẹ̀ní jẹ ẹ́, ó na ọwọ́ pé kó fún òun sí i. Kò bá a ṣe àwàdà kankan lọ́jọ́ náà.

Wàhálà wá kù sí ibì kan. Ẹran àgbà kò gbọdọ̀ rí ìwọ̀ oòrùn láì rí iná. Bí Asunran bá rú òfin, wọn kò ní dúró kí wọ́n tọ́ ẹran rẹ̀ wò kí wọ́n tó gba ọ̀bẹ. Ọdẹ́yalé tọ Ọdẹ́bùnmi, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin lọ, òun ló kù tó mọ ìtàn ilé.

“Ìyá mi, ta ló ṣe òfin yìí, kí sì ni ìdí rẹ̀?”

Ìyá àgbà náà wò ó títí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín dé ibi tí ikọ́ fi gbé e.

“Ajá ni.”

“Ajá kẹ̀?”

“Bàbá tó bí bàbá rẹ mu ẹmu yó lọ́jọ́ ẹran. Ó ní òun ó rẹjú díẹ̀ kí òun tó dáná. Kó tó jí, ajá ti wọ́ itan kan lọ. Ìtìjú yẹn ló mú un wí pé láti òní lọ, ẹran kò gbọdọ̀ rí ìwọ̀ oòrùn nínú ilé yìí láì rí iná.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n láti ìgbà náà, ẹ ò sọ?”

“Ta ló bi mí? Bàbá rẹ kì í béèrè. Adùn kò sì wọnú ẹran tirẹ̀ náà rí, kó o gbọ́. Àmọ́ bàbá rẹ lágídí, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ta ni yóò la ẹnu sọ ọ́?”

Ọdún pé. Àwọn ọdẹ wọlé ní ọ̀sán pẹ̀lú ẹfọ̀n, wọ́n gbé itan rẹ̀ dé Ilé Asunran. Ọdẹ́yalé gé e nípọn bó ṣe yẹ. Ó rẹ ẹ́ sínú èròjà nínú ìkòkò ńlá méjì, ó ri wọ́n mọ́ inú yanrìn tútù, ó sì gbé òkúta lé ìdérí wọn. Lẹ́yìn náà, ó fa àpótí, ó jókòó tì í.

Oòrùn ń rọ̀, èéfín kò yọ nílé Asunran. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ṣóbalójú dé.

“Asunran, ṣé igi ni kò sí ni? Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé wá nílé.”

“O ṣeun. Igi wà.”

“Ṣé ẹ rí oòrùn?”

“Mo rí i. Ojú mi kò fọ́.”

“Ó wọ̀ o!”

“Jẹ́ kó wọ̀. Ilé rẹ̀ ló ń lọ.”

Ṣóbalójú fò sókè, ó sáré lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá Ọdẹ́yalé yí i ká, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ta oyè ilé wọn sọnù. Ilẹ̀ mọ́ bá a lórí àpótí náà. Ó dáná tí kò le, ó sì sun ẹran.

Ní ọ̀sán, gbogbo ìlú wà lábẹ́ igi ọdán. Baálẹ̀ ní, “Wọ́n ní o rú òfin ilé yín.”

Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ náà síwájú Baálẹ̀. “Kí ẹ̀mí yín gùn, Baálẹ̀. Òótọ́ ni. Ọ̀bẹ rèé. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi la ẹran náà láàárín kí ẹ tó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.”

Kò sí Baálẹ̀ tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ yẹn rí. Ó mú un, ó la abala kan, ó sì gbé àárín rẹ̀ fún Bàbá Láníhùn. Bàbá náà fi eyín mẹ́rin rẹ̀ mú un. Ó ń jẹ, ó ń jẹ, ó gbé e mì. Ó tún na ọwọ́. Baálẹ̀ náà bù jẹ, ó sì bojú wo àárín ẹran tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù síbẹ̀.

Ó ní, “Ọdẹ́yalé, kí lo fi gún un?”

“Mi ò fi nǹkan kan gún un.”

“Iná wo lo dá sí i?”

“Iná kékeré ni. Kó tó dé ibi iná ni adùn ti wọnú rẹ̀. Baálẹ̀, ẹ ti rí ewé tó pẹ́ lára ọṣẹ rí? Ta ló sọ ọ́ di ọṣẹ?”

Baálẹ̀ ń rò ó. Bàbá Láníhùn ló dáhùn, ẹran kún un lẹ́nu:

“Ó pẹ́ níbẹ̀ ni.”

Baálẹ̀ nu ọ̀bẹ náà mọ́ ewé, ó yí èèkù rẹ̀ kọjú sí Ọdẹ́yalé, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Ṣóbalójú kò rí i, nítorí ó ti tẹ̀ síwájú láti mú ẹran.

Òun ló fà á tí àwọn àgbà fi ń fi í ṣe òwe títí dòní pé, bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ.