Orin Àwẹ̀ró Tí Kò Lópin

"Ìyá, níbo ni ilé wa?"

Ìbídùn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló béèrè bẹ́ẹ̀ nínú ahéré kan lóko òwú nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọn baba ńlá wa ṣẹrú. Àgbà mẹ́wàá ló wà ní ìjókòó. Ọ̀gá ti ní bó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, òun yóò ta gbogbo ọmọdé oko náà.

Àwẹ̀ró ni ìyá Ìbídùn. Àwẹ̀ró ẹlẹ́nu oyin, a-fohùn-ṣọkọ̀, òun ló ń ṣẹ̀dá orin tí wọ́n fi ń ká òwú. Orin náà dùn débi pé ọwọ́ a máa yá láìmọ̀. Ohun tí ọ̀gá sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Bó bá ti na pàṣán sókè, Àwẹ̀ró gbọ́dọ̀ mú orin yá sí i. Lọ́sẹ̀ yẹn, bàbá arúgbó kan bá orin náà sáré títí ó fi ṣubú sínú poro, kò sì dìde mọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí orin máa lọ.

Fáṣínà, ọmọ olóògbé, tutọ́ sílẹ̀. "Olórin ọ̀gá, o kú iṣẹ́ o! Pàṣán kọ́ ló pa bàbá mi. Orin rẹ ni."

"Òótọ́ lo sọ," Àwẹ̀ró dáhùn. "Àmọ́ orin tó lè pa ènìyàn yóò lè gba ènìyàn là. Ìwọ lo mọ ọ̀nà inú irà. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, bí ọ̀gá àti ará ilé rẹ̀ bá jẹun yó, èmi ni wọ́n ń pè láti kọrin títí wọn yóò fi sùn. Kó àwọn ọmọ lọ nígbà náà."

Ojú ti Fáṣínà. "Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Bí mo bá dákẹ́, wọn á jí."

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ìbídùn di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Àwẹ̀ró tú ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ká òwú, ó sì lọ dúró lọ́dẹ̀dẹ̀ ọ̀gá.

"Má wẹ̀yìn, ọmọ mi, má wẹ̀yìn,
Irà ò jìn tó ikú, má wẹ̀yìn."

Ọ̀gá ò gbọ́ èdè náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èyí dùn. Má dá a dúró." Ó sùn, ìyàwó rẹ̀ sùn, àwọn ajá náà sùn. Ìlà ìkẹyìn orin náà ń fa ti àkọ́kọ́, kò ní ìparí. Àwẹ̀ró kọ ọ́ títí oòrùn fi rọ̀, títí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá ohùn rẹ̀ jáde. Nígbà tí ohùn náà gé, wọ́n jí, wọn ò sì rí ọmọ kankan mọ́.

Wọ́n gé ahọ́n rẹ̀ lójú àwọn àgbà tó kù, wọ́n sì dá a padà sínú poro. Kò sẹ́ni tó tún kọrin lóko náà mọ́ títí Àwẹ̀ró fi kú.

Lódì kejì irà, Fáṣínà àti àwọn ọmọ tẹ ìlú dó. Wọ́n pè é ní Ilé Àwẹ̀ró. Títí dòní, a kì í kọrin níbi iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, ìyá kọ̀ọ̀kan a gbé orin yẹn, a kọ ọ́ yí po, ọ̀fun rẹ̀ a gbẹ, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ dákẹ́, àfi ìgbà tí ẹni tó kẹ́yìn nínú ilé bá sùn lọ.