Òkété àti Ẹ̀rọ Orin Olówó Gọbọi

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò yí lu àgbà, kò yí lu ọmọdé, ó yí dé ẹnu ihò Òkété.

Ẹ̀pà ló ń wu Òkété jẹ. Erin ló sì ní àká ẹ̀pà tó kún dé òrùlé. Erin fẹ́ràn orin.

Òkété rí ẹ̀rọ orin méjì tó jọra bí ìbejì. Ó ta ọ̀kan fún Ẹfọ̀n ní agbọ̀n ẹ̀pà kan. Ó kun èkejì ní osùn, ó gbé e lọ bá Erin, ó ní ogún agbọ̀n ni.

Erin ní, "Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Háà, Baba! Etí kékeré kò lè gbọ́ ọ. Etí ńlá nìkan ló ń gbọ́ ọ."

Erin fẹ etí rẹ̀ méjèèjì lẹ́lẹ́. Ta ni yóò ní òun ò gbọ́? "Mo gbọ́ ọ! Ó dùn ju ti Ẹfọ̀n lọ!"

Ẹfọ̀n ní, "Orin kan náà ni mo gbọ́ o."

"Etí rẹ ló kéré," ni Erin wí, ó sì san ogún agbọ̀n.

Òkété jẹ ẹ̀pà títí ikùn rẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó padà dé. "Baba, ọ̀gá gbogbo ẹ̀rọ ti dé. Gbogbo àká ẹ̀pà ni iye rẹ̀ o. Mo ti gbé e sí ìdí àràbà, ẹ lọ gbé e."

Irọ́ ni! Ẹ̀rọ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré lọ kun àpótí ìrókò kan ní osùn, ó kó sínú rẹ̀, ó pa ìdérí dé. Ó ní bí Erin bá ti yíjú báyìí, òun á fò jáde.

Erin gbé àpótí délé. Òkété bẹ̀rẹ̀ orin.

"Ẹ gbọ́!" Omijé bọ́ lójú Erin. "Mo tiẹ̀ ń gbọ́ bí olórin ṣe ń mí!"

Ẹfọ̀n náà mi orí. "Eléyìí yàtọ̀ lóòótọ́."

Inú Erin dùn débi pé ó jókòó lé ìdérí, kí orin lè máa gba ìdí wọ òun lára. Ọ̀pẹ́lọpẹ́ igi ìrókò! Òkété kọrin láàárọ̀, ó kọ ọ́ lọ́sàn-án, ohùn rẹ̀ ha. Ni wọ́n bá ń yan ẹ̀pà. Òórùn ẹ̀pà gba ihò àpótí wọlé.

Òkété kọrin pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ̀pà, ẹ ju díẹ̀ sí mi o!"

"Orin tuntun!" ni Erin wí, ó pàtẹ́wọ́.

"Kì í ṣe orin! Baba, ẹ dìde, mo ń kú lọ!"

Ẹfọ̀n ní, "Tèmi olówó pọ́ọ́kú kò tọrọ ẹ̀pà rí o."

Erin ṣí àpótí. Òkété rèé, ó pọ́n kuku fún osùn, ó ń làágùn.

Wọ́n rò pé Erin yóò tẹ̀ ẹ́ pa. Erin kàn ní, "Èmi ti rà á ná." Láti ọjọ́ náà, òwúrọ̀ dalẹ́ ni Òkété ń kọrin lóko Erin. Bí ohùn rẹ̀ bá fẹ́ kú, Erin á gbá a lórí pẹ́ẹ́, bí a ti ń gbá rédíò tó ń kùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, etí ni kí ẹ fi ra orin, ẹ má fi iye rà á. Ẹni tó bá sì ń ta irọ́ lọ́wọ̀n-ọ́n, kó ṣọ́ra, kó má di ọjà. Bí mo bá bù mọ́ ọn, ẹ bi Ẹfọ̀n. Ojú rẹ̀ ló ṣe.