Obìnrin Tí Ó Mọ Oúnjẹ Adìẹ Rẹ̀

Obìnrin kan wà tí ó ń sin adìẹ tí ń yé ẹyin lẹ́yìnkùlé ọkọ rẹ̀. Ní gbogbo àdúgbò náà, kò sí ẹni tí ó mọ ìtọ́jú adìẹ bíi tirẹ̀. Àgbàdo lílọ̀, ẹ̀wà sóyà, ẹja gbígbẹ tí a gún, ìkarahun ìgbín tí a lọ̀ kúnná, ewé tútù láàárọ̀: òun fúnra rẹ̀ ló ń pò ó fún wọn, kì í jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án. Bí adìẹ kan bá yé ẹyin tí èèpo rẹ̀ rọ̀, kò ní sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ohun tí yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, "Kí ni wọ́n jẹ lánàá?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ náà ni yóò ti rí ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n wo oúnjẹ òun alára! Láàárọ̀, kì í fi nǹkan kan ẹnu. Lọ́sàn-án, búrẹ́dì funfun àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Lálẹ́, ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀, nítorí inú àwo ọkọ ni ẹja ń lọ. Ẹyin ńkọ́? Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ẹni tí ń fi ẹyin bọ́ gbogbo àdúgbò kò mọ bí ẹyin ṣe ń rí lẹ́nu. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀!

Nǹkan oṣù rẹ̀ sì dàrú. Yóò wá lóṣù yìí, yóò fo oṣù méjì; nígbà tó bá sì dé, yóò dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó yá, kò wá mọ́ rárá. Bẹ́ẹ̀, ojú méjèèjì ló fi ń wá ọmọ. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ààwẹ̀ ló gbá mú. N kò sọ pé ààwẹ̀ kò dára. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ tirẹ̀, búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò yẹn náà ló fi ń ṣínu.

Ó di ọjọ́ kan, ó gun òkè àdúrà lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó fi àwọn adìẹ síkàáwọ́ ọkọ. Bíríkìlà ni ọkọ, kò ráyè po oúnjẹ adìẹ. Ilé búrẹ́dì kan wà nítòsí tí ń da búrẹ́dì tó ti le nù. Ọkọ ń lọ kó o, ó ń rẹ ẹ́ sómi, ó ń dà á fún àwọn adìẹ. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń yó, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ti rí ọ̀nà àbùjá.

Obìnrin náà dé. Kò tíì sọ báàgì èjìká kalẹ̀ tó fi gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹyin tó bá níbẹ̀ kò tó nǹkan, èyí tó sì wà, èèpo rẹ̀ rọ̀ bí awọ. Ó figbe ta.

"Ọkọ mi, kí lẹ fún wọn jẹ?"

"Búrẹ́dì ni o, Àyọ̀ká. Wọ́n sì ń yó dáadáa."

"Wọ́n ń yó! Ṣé yíyó ló ń di ẹyin ni? Kí ló wà nínú búrẹ́dì tí wọ́n máa fi yé e?"

Ọkọ kò bínú. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Búrẹ́dì tó rà bọ̀ lójú ọ̀nà wà lọ́wọ́ kan, ìgò ẹlẹ́rìndòdò wà lọ́wọ́ kejì.

"Àyọ̀ká," ó ní, "ìwọ náà ńkọ́? Kí lò ń jẹ?"

Àyọ̀ká wo búrẹ́dì, ó wo adìẹ, ó tún wo búrẹ́dì. Ni ẹ̀rín bá gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín sì di ẹkún. Ibẹ̀ ló ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò rí nǹkan oṣù òun mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún un lóògùn, ó ní kó máa padà wá. Ó wá ní, "Àwọn ìránṣẹ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin, họ́mónù là ń pè wọ́n. Àwọn ló ń sọ fún ilé ọmọ pé àkókò tó. Oúnjẹ wà lára ohun tí ara fi ń ṣe wọ́n. Ìránṣẹ́ tébi ń pa, ṣé yóò jíṣẹ́ délé?"

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀wà ti wọ ilé, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, ọsàn. Ẹlẹ́rìndòdò di ti ọjọ́ ọdún. Ọkọ fúnra rẹ̀ ló gé ẹja inú àwo rẹ̀ sí méjì. Nígbà tí obìnrin náà kọ́kọ́ jẹ ẹyin adìẹ rẹ̀, ó dijú, ó ní, "Abájọ tí wọ́n fi ní a ó jalè!"

Nǹkan oṣù rẹ̀ kò dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èèpo ẹyin ti le padà, síbẹ̀ kò dé. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n ó rántí pé a kì í yí oúnjẹ adìẹ padà lónìí kó yé lọ́la. Ó ń bá a lọ. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ṣa ẹyin lọ́wọ́, ó ṣàkíyèsí ara rẹ̀. Ó sáré wọlé, ó sáré jáde, ó ń jó kiri ẹ̀yìnkùlé, ó ń pariwo, "Ó dé o! Ọkọ mi, ó dé!" Àwọn adìẹ fò káàkiri. Ọkọ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó bá a jó. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún dé lásìkò.

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, o fẹ́ bi mí bóyá ó bímọ. Ọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn wà. Ara tí a fi ebi pa, tí a tún ń bá jà pé kò ṣiṣẹ́, ni mò ń sọ. Bí nǹkan oṣù rẹ bá dàrú, má fi pamọ́, tọ nọ́ọ̀sì lọ. Bí o bá sì jẹ́ ọkọ, wo àwo ìyàwó rẹ kí o tó bu ẹja tìrẹ. O kò jẹ́ fi búrẹ́dì nìkan bọ́ adìẹ tí o fẹ́ kó yé. Ta ló wá ní kí o fi bọ́ ara rẹ? Oòrùn ti ń ga, ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n. Kí lo fẹ́ jẹ?