Ìgúnpá Ọ̀jọ̀gbọ́n Láwóyin

Ẹ̀yìn ẹni, ojú ẹni kì í tó o. Ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́rí ṣiṣẹ́, àṣìṣe rẹ̀ ń bá a gbénú ilé ni. Báyìí ni ọ̀rọ̀ jáde ní ọjọ́ tí ìtìjú wọlé tọ Láwóyin, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ ìṣègùn, àgbà olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dókítà tó wà ní ìlú Àgbédè-Odò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ a máa wọ inú ìdánwò bí ẹni tó ń lọ jẹ oyè, púpọ̀ nínú wọn a sì kùnà, wọn a fi ojú wíwú jáde.

Nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, Láwóyin ní àwọn ọmọ náà kò kàwé. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, ó ní àwọn olùdánwò tó ń ti ìlú mìíràn wá kò fẹ́ràn òun. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ náà dé etí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn olùdánwò kì í sì ṣàlàyé. Wọn á fi máàkì sílẹ̀, wọn á wọkọ̀ wọn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀kan nínú wọn sọ kó tó lọ ni pé àwọn ọmọ yìí mọ ìwé, wọn kò mọ aláìsàn yẹ̀ wò. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wá pe Láwóyin sí kọ̀rọ̀, ó fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé bí ti ọdún tó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, àwọn yóò gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn yóò sì fún un ní ọ́fíìsì tó tutù kó máa sinmi.

Ikú yá ju ẹ̀sín. Ìyàwó Láwóyin ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Kíkọ́ni lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, tí àwọn ọ̀dọ́ aláṣọ funfun yí i ká, òun nìkan ló kù tó ń jí i láàárọ̀. Bí wọ́n bá gba ìyẹn, kí ló tún kù tí yóò máa jẹ́ Láwóyin? Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà, ọ̀tá ló máa ń kọ́kọ́ wá kiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹni tó lè máa ṣe òun nínú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ro ó títí, kò sí ẹni tí kò fura sí.

Níkẹyìn ó rántí ibi tí baba rẹ̀ máa ń lọ kí wọ́n tó ṣán oko lọ́dọọdún. Ìyá Ẹfúnyẹmí ni wọ́n ń pe àgbà olórìṣà náà, ó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn odò. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa gbé mọ́tò pamọ́ sí ìdí igi kan tó jìnnà sílé ìyá náà, ó fa fìlà bojú, ó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Àwa tí à ń da owó ẹyọ mọ irú wọn dáadáa. Wọn á ní àwọn kò gbà á gbọ́, ẹsẹ̀ wọn á sì mọ ọ̀nà.

Arúgbó náà kí i, ó bèèrè baba rẹ̀ tó ti kú, ó da owó ẹyọ sórí àtẹ, ó wò ó pẹ́. Ó na obì sí Láwóyin kọjá àtẹ. Láwóyin nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Láti ìgbà tí mọ́tò ti gbókìtì pẹ̀lú rẹ̀ lọ́nà Èkó ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti le, apá kì í kúrò lára ìhà dáadáa mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé, gbogbo ara ló máa ń yí bó bá fẹ́ mú nǹkan. Ìyá Ẹfúnyẹmí sún obì náà mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, ẹni tó ń ṣe ọ́ ni o wá bèèrè," ni ìyá wí. "Kò sí ọ̀tá níbí. Ilẹ̀kùn tí o tì mọ́ ara rẹ ni mo rí."

Ó ní kí Láwóyin rú àkùkọ kan, epo, iyọ̀ àti obì. Ó wá sọ orí ẹbọ náà fún un, ìyẹn apá tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ó ní nígbà tó bá fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, kí ó pe àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú aṣọ tí wọ́n ń ta yí aláìsàn ká, kí wọ́n dúró, kí wọ́n wò ó. Kí òun náà lọ dúró wo tiwọn. Bí wọ́n bá ṣe tán, kí wọ́n jọ jókòó jẹun, kí kálukú sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ní Àgbédè-Odò, èèwọ̀ ni. Bí olùkọ́ kan bá ti fa aṣọ yí ibùsùn ká, olùkọ́ mìíràn kì í yọjú síbẹ̀ títí tó fi máa parí, bí obìnrin kì í ti í ṣí ìkòkò ọbẹ̀ orogún rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n pè é. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kò sí olùkọ́ tó rí ẹnì kejì rẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ni.

"Ìyá, ẹ gbọ́ mi o," ni ó wí. "Púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń wí yìí, èmi ni mo kọ́ wọn. Ṣé ọmọ ni yóò wá máa yẹ baba wò?"

"Ẹ̀yìn rẹ ni wọn yóò bá ọ wò," ni ìyá dá a lóhùn. "Ìwọ kò lójú níbẹ̀."

Láwóyin dìde. Ó fi àkùkọ, epo, iyọ̀ àti obì ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, kò dín ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ti orí ẹbọ, ó pòṣé, ó ní arúgbó ti ń ṣe rándanràndan. Ẹbọ tí kò dun ni ló rú, ó fi èyí tó ń dun ni sílẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ pé obìnrin kan wà nínú àwọn olùkọ́ náà, Móríyìkẹ́ lorúkọ rẹ̀, dókítà ni, ọ̀kan nínú àwọn tí Láwóyin kọ́ nígbà àtijọ́. Òun náà ti lọ sẹ́yìn odò ní tirẹ̀, nítorí pé bó bá ń kọ́ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa sùn níwájú rẹ̀, ojú sì ń tì í. Ẹbọ kan náà ni wọ́n ní kó rú. Ó sunkún délé, ó sì rú u. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n wá, wọ́n dúró lẹ́yìn tìtìjú-tìtìjú. Nígbà tí wọ́n jókòó ti mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, wọ́n sọ fún un pé bó bá ti bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè tán, òun náà ló máa ń dá a lóhùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn, kò jẹ ẹ̀kọ tirẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ó kọ́ bí a ti ń panu mọ́, àwọn ọmọ sì jí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn yòókù ń pe ara wọn. Ó wá di àṣà wọn, kí wọ́n wo ara wọn, kí wọ́n sì jọ jẹun. Àwọn tí kì í ju kí-ara-wọn-lójú-ọ̀nà lọ tẹ́lẹ̀ wá ń bá ara wọn tọ́jú ọmọ, wọ́n ń bá ara wọn ṣọ̀fọ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Láwóyin. Kò lọ. Bó bá ń kọjá tó gbọ́ ẹ̀rín wọn, ó gbà pé òun ni wọ́n ń rín. Inú tirẹ̀ bàjẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọdún ń sún mọ́ òpin nígbà tí ikọ́ mú Láwóyin. Ikọ́ náà kò lọ. Ara rẹ̀ ń gbóná nírọ̀lẹ́, èémí rẹ̀ ń kúrú lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n kò sí ibi kan pàtó tó ń dùn ún. Ó ní iṣẹ́ àṣejù ni. Nígbà tó di pé kò lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn mọ́, ó wọ wọ́ọ̀dù tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sórí ibùsùn, ó sì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ìdánwò kù fẹ́ẹ́fẹ́. Ó ní aláìsàn wo ni wọn ìbá tún rí fi kọ́ṣẹ́ tó dára ju òun lọ. Ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n ti fa aṣọ yí wọn ká.

Ẹni tó mọ̀wé jù nínú wọn, Dúródọlá, ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó dúró sí ọwọ́ ọ̀tún aláìsàn, níbi tí dókítà gbogbo máa ń dúró sí. Ó tẹ́ ìka lé ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀, ó fi ìka kejì lù ú, ó tẹ́tí sí ìró rẹ̀, bí ẹni tó ń lu agbè wò bóyá omi wà nínú rẹ̀. Ó lù ú láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ó ní ó mọ́, pé kò sí àìsàn níbẹ̀. Ẹlòmíràn bọ́ síwájú, ó ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà ní ó mọ́. Ẹlòmíràn tún wá. Láwóyin ń dúró kí wọ́n dé apá òsì, kò sí ẹni tó débẹ̀.

Ó wá wojú wọn, ó sì rí nǹkan kan tí kò rí rí. Gbogbo wọn, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, tí ara wọn le koko, wọ́n há ìgúnpá ọ̀tún mọ́ ìhà bí ẹni tí apá ń dùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń lu ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ kò na apá rárá; gbogbo ara ló fi yí.

"Kí ló ṣe yín lápá?" ni ó bèèrè.

Wọ́n wo ara wọn. Dúródọlá ní kò sí ohun tó ṣe àwọn, bí wọ́n ṣe ń há a bí wọ́n bá ń yẹ aláìsàn wò nìyẹn.

"Ó dáa. Ẹ parí ìyókù."

"Ìyókù wo, sà?" ni Dúródọlá wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Ó ti parí, sà. Bí ẹ ṣe ń kọ́ wa nìyẹn."

Jìnnìjìnnì bo Láwóyin. Ó rántí pé lẹ́yìn ìjàǹbá mọ́tò yẹn, nígbà tí apá kò lè kọjá sí ìhà kejì mọ́, òun a máa lu apá ọ̀tún aláìsàn, òun a sì ní kí àwọn ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀ sí òsì. Ìgbà wo ni òun dẹ́kun sísọ ọ́? Kò mọ̀. Ó wá inú ara rẹ̀, kò rí ọjọ́ náà. Kò sì sí ẹnì kan nínú aṣọ yẹn tó lè pe àkíyèsí òun sí i, nítorí àwọn tó mọ̀ kò wọbẹ̀, àwọn tó wọbẹ̀ kò mọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti kọ́ àìsàn òun mọ́ iṣẹ́ òun, wọ́n rò pé ọlá ni.

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ikọ́ ni ó jáde. Ó hú u, ó hú u, kò lè mí mọ́. Nọ́ọ̀sì sáré pe dókítà tó wà nítòsí, Móríyìkẹ́ ló sì wọlé. Ní ti àṣà àtijọ́, kì bá tí wọ inú aṣọ náà. Ó wọ̀ ọ́ láìkànkùn. Ó wo ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ó rìn yí ibùsùn ká, ó bọ́ sí apá òsì, ó sì lu ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ìró náà kú, bí ìgbà tí a bá kan ògiri. Omi ti kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró òsì dé ìdajì. Wọ́n fi ẹ̀rọ ẹsíréè ya àwòrán inú àyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi náà jáde, ike lórí ike. Móríyìkẹ́ ní bó bá pẹ́ sí i díẹ̀, èémí rẹ̀ ì bá ti pin.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, Láwóyin di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ta ló kọ́ ọ láti rìn yí ibùsùn ká?"

Móríyìkẹ́ wò ó, ó yà á lẹ́nu pé ó lè bèèrè.

"Ẹ̀yin ni, sà," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa nìyẹn, pé aláìsàn ní ìhà méjì."

Láwóyin yíjú sí ògiri, ó sunkún.

Nígbà tó dìde, ó rú orí ẹbọ. Ó fúnra rẹ̀ lọ káàkiri, ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú aṣọ, ó fi apá tó le hàn wọ́n, ó sì fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bó bá fẹ́ dé ìhà kejì aláìsàn, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn débẹ̀, àwọn ọmọ a sì tẹ̀ lé e. Ó dúró lẹ́yìn nígbà tí àwọn mìíràn ń kọ́ni, ó bá wọn jẹ ẹ̀kọ. Ó wá rí i pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń rín. Ìdánwò dé, àwọn ọmọ rẹ̀ yege, wọn kò sì gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹbọ tó pẹ́ kó tó rú náà fín, ṣùgbọ́n kò fín dé ẹ̀yìn. Móríyìkẹ́ tó gbọ́ tó sì ṣe é lójú ẹsẹ̀, ó gbèrú, ìdùnnú rẹ̀ kò ní àbàwọ́n. Láwóyin tó pín ẹbọ sí méjì, ìdajì ire ló rí. Àwọn tó ti jáde lábẹ́ rẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn ti fọ́n ká, wọ́n wà ní abúlé, wọ́n wà nílùú ńlá, àwọn mìíràn ti sọdá òkun, wọ́n há ìgúnpá mọ́ ìhà, wọ́n ń lu apá ọ̀tún àwọn ènìyàn, wọ́n ń ní ó mọ́. Ó ń wá wọn kiri, ó rí àwọn kan, kò rí àwọn kan. Títí di òní, bí wọ́n bá sọ fún un pé ikọ́ kan pa ènìyàn níbì kan, Láwóyin kì í bèèrè irú ikọ́ tó jẹ́. Á ní kí wọ́n sọ fún òun, dókítà tó tọ́jú rẹ̀, ọdún wo ló jáde?